Àlọ́ Ọ̀sán

Ọjọ́ Ajé, 12 Jánúárì 1863

Ìwé tuntun. Ti àtijọ́ kún nígbà Kérésìmesì, mo sì búra pé mi ò ní kọ òmíràn mọ́. Ìbúra lásán. Ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ògiri?

Ẹ̀rọ òwú Kóòtù ti bàjẹ́. (Kóòtù: Theophilus Olúbọ̀dé, ọ̀gá mi, Sàró bíi tèmi. Kì í bọ́ kóòtù dúdú rẹ̀, bó ti wù kí oòrùn mú tó.) Irin ẹ̀rọ ṣẹ́ sí méjì, òmíràn di ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ìlú òyìnbó dé. Ó wá kó ọgbọ̀n obìnrin jọ sí àgọ́ òwú ní Ṣàpọ́n kí wọ́n máa fi ọwọ́ yọ kóró òwú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni alábòójútó wọn. Iṣẹ́ tó ń kunni lóorun ni. Kóòtù ní kí n máa ka ìwé ìjọ sí wọn létí. Mo kà á. Kò pẹ́, ẹnìkan ń hanrun.

Mo pa ìwé dé. Mo kàn là á mọ́lẹ̀ pé: obìnrin kan wà tó ta ọmọ orogún rẹ̀. Gbogbo orí gbé sókè.

Ọ̀rọ̀ ara mi ni, tàbí ìdajì rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ogun tú ilé wa. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Morónkẹ́ ni wọ́n ń pè mí kí òyìnbó tó gbà mí nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó mi dé Sàró, tí wọ́n sì sọ mí di Harriet. Ẹnìkan fà mí lọ́wọ́ dé etí odò, ó fi mí sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin kan, kò wẹ̀yìn. Mi ò rántí ojú rẹ̀. Mi ò rántí ojú ìyá mi pàápàá. Ṣùgbọ́n láti Sàró ni mo ti pinnu pé ìyálé ìyá mi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Oṣù kẹjọ rèé tí ọkọ mi ti kú tí mo sì ti Èkó wá sí Abẹ́òkúta. Ohun méjì ló gbé mi wá: kí n rí ìyá mi, kí n sì mọ ẹni tó tà mí. Mi ò mọ èyí tó wù mí jù.

Ìṣẹ́gun, 13 Jánúárì

Wọ́n ti dé kí n tó dé. Wọ́n ti jókòó yíká àga mi. "Ìyá Sàró, ibi tí ẹ dé kẹ́yìn ni ẹ ti máa bá a lọ."

Mo kíyè sí nǹkan kan. Bí mo bá ń sọ ẹkún ọmọ náà nínú ọkọ̀, ọwọ́ wọn á dúró, wọn á máa mí kanlẹ̀. Bí mo bá ń sọ ìyà ìyálé, ọwọ́ á yára, apẹ̀rẹ̀ á kún. Mo ti jẹ́ kí eyín ìyálé bẹ̀rẹ̀ sí í ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kóòtù yọjú wo apẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ òun kì í ṣe tó yìí.

Adépéjú nìkan ni kò tẹ́ lọ́rùn. Obìnrin gíga, ohùn bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní eyín kéré. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ṣé eyín ló fi fa ọmọ ọlọ́mọ lọ sódò ni?" Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Ìdájọ́. Nínú ìwé yìí nìkan o.

Ọjọ́rú, 14 Jánúárì

Ọwọ́ ìyálé rọ lónìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ fún ìwé.

Ọjọ́bọ̀, 15 Jánúárì

Ìyá Ìdájọ́ bi mí pé ọwọ́ wo ló rọ. Èwo ló kàn án? Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń retí. Mo gbé ojú sókè. Ọwọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni ti Àsíátù níwájú mi, tó ń fi òsì yọ kóró òwú. Mo ní: "Òsì ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni ìkà náà." Gbogbo wọn ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó bọ́gbọ́n mu lójú wọn. Ta ní í fi òsì ṣe ohun rere?

Àsíátù ń yọ kóró òwú lọ. Opó ni, Mùsùlùmí, ó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́wàá. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Jùbrílù, wà lẹ́nu òwò ní Ìlọrin. Kì í bá wọn dá ìyálé lẹ́jọ́. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Àìkú, 18 Jánúárì

Ìwàásù lórí ìdáríjì. Mo ṣe àmín. Àmín orí ahọ́n. Bí wọ́n bá mú obìnrin yẹn wá síwájú mi lónìí, mi ò mọ ohun tí mi ò ní ṣe fún un. Àlùfáà náà, ta ló tà á rí?

Ọjọ́ Ajé, 19 Jánúárì

Kí ni mo ṣe yìí?

Ìyá Ìdájọ́ bi mí pé níbo ni ìyálé yẹn wà báyìí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní inú ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ ló wà. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ti ń wádìí kiri, olúkúlùkù ní àdúgbò tirẹ̀. Òun ti ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn ọkọ òun lọ́nà Alábàtà. Dìran, aláàárù tó ń ru òwú Kóòtù lọ sí Itori, ti ń sọ ọ́ níbi gbogbo tó bá ti sọ ẹrù kalẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, bó bá jẹ́ pé àlọ́ ni mo ń pa ńkọ́?"

Ẹ̀rín ta. "Àlọ́ kẹ̀? Pẹ̀lú oòrùn lókè báyìí? Ṣé ìyá rẹ lo fẹ́ pa ni?"

Mi ò mọ̀. Ilé òyìnbó ni mo dàgbà sí, àṣáálẹ́ wọn, orin ìsìn ni. Ó di òní kí n tó gbọ́ pé a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, pé ẹni tó bá dán an wò, ìyá rẹ̀ ni yóò fi kú. Gbogbo ọmọ ọdún mẹ́rin ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló mọ̀ ọ́n. Èmi arúgbó ogójì ọdún, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò ké "Àlọ́ o," wọn ò sì dá mi lóhùn "Àlọ̀." Lójú wọn, ohun tí àgbàlagbà bá sọ lójú oòrùn, ó ṣẹlẹ̀ ni. Ìtàn ni.

Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí n ní mi ò mọ ìyálé kankan, pé mo fi èrò ara mi mọ ọ́n bí ẹni mọ ìkòkò ni. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ìyá Ìdájọ́ wá gbá mi léjìká, ó ní, "A ó bá ọ rí ìyá rẹ. A ó bá ọ rí ìkà náà pẹ̀lú." Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣèlérí fún mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ọjọ́rú, 21 Jánúárì

Àyíká Àsíátù ṣófo nínú àgọ́. Wọ́n fún ara wọn pọ̀ ní ìhà kejì. Mo rò pé wọ́n ń sá fún oòrùn ni, mo sọ fún ara mi pé oòrùn ni. Ìhà tiwọn ni oòrùn wà.

Ẹtì, 23 Jánúárì

Wọ́n da eérú sínú oúnjẹ Àsíátù. Mi ò rí ẹni tó dà á. Ó gbọn eérú kúrò lójú ẹ̀kọ, ó jẹ ẹ́.

Mo pe Ìyá Ìdájọ́ sẹ́yìn àgọ́. Mo ní kí ló dé. Ó ka ẹ̀sùn fún mi: ọlọ́wọ́ òsì ni, òun nìkan ló wọ Abẹ́òkúta, kò lẹ́bí, kò lárá, láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣépè fún ìyálé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Gbogbo wa ń bínú. Òun kò bínú. Kí lo rò pé ó fà á?"

Mo ní ọwọ́ òsì kì í ṣe ẹ̀rí.

Ó ní, "Ìwọ lo sọ ọ́ fún wa."

Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi náà ni mo tún sọ lánàá pé wọ́n mú ìyálé lọ sọ́jà, wọ́n sì tà á bó ṣe ta ọmọ. Àwọn kan dìde dúró nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹnìkan sunkún ayọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ kò tíì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àbámẹ́ta, 24 Jánúárì

Mo bá Kóòtù sọ ọ́. Ó ní òun kì í dá sí ìjà obìnrin, pé bí ọ̀kan bá lọ, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kù. Ó ní kí n ṣáà máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ, òwú ń wọlé dáadáa.

Àìkú, 25 Jánúárì

Àsíátù wá sílé mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Kò jókòó. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Jùbrílù, ẹ jókòó." Ó ní òun kò ní pẹ́.

Ó ní, "Ìyá Sàró, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé èmi ni?"

Mo fa àga sún mọ́ ọn. Ó wá ní òun ti ro ó títí. Òun bí obìnrin kan ṣáájú Jùbrílù. Wọ́n jí i lọ́nà oko, ó tó ọdún méje nígbà náà. Òun kò bá wọn dá ìyálé lẹ́jọ́ nítorí pé ibi tí a bá ti ń sọ ẹkún ọmọ náà, etí òun dí, òun kì í gbọ́ ìyókù mọ́. Ó ní àwọn yòókù ń gbọ́ ìyà. Òun, ọmọ náà nìkan lòun ń gbọ́.

Ó ní, "Ẹ máà bínú. Mo rò pé bóyá ẹ mọ nǹkan kan nípa mi tí èmi fúnra mi kò mọ̀ ni."

Ó lọ. Mi ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 26 Jánúárì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Ìdájọ́ jẹ́ jagunjagun, ó mọ àwọn tó ń ra èèyàn lójú ọ̀nà ogun. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá mú Àsíátù. "Ẹni tó ta ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n ta òun náà." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an, bí mo ṣe tò ó ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Mo ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Wọ́n ní ojú àánú mi pọ̀ jù, pé ìwé ìjọ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní wọn yóò bá mi ṣe é, kí n má fọwọ́ kàn án.

Mo lè lọ bá Àsíátù kí ó sá. Ṣùgbọ́n níbo? Bó bá sá, wọn á ní ṣé ẹ rí i, òun ni.

Mo lè sọ òótọ́. Bí mo bá sì sọ ọ́, tán. Ta ni yóò bá mi wá ìyá mi mọ́? Ta ní í bá ẹni tó ń fi ẹnu pa ìyá rẹ̀ wá ìyá rẹ̀?

Ìṣẹ́gun, 27 Jánúárì

Wọ́n ti so ó mọ́ òpó nígbà tí mo dé. Ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n so. Ọwọ́ ọ̀tún wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò fi ṣe nǹkan kan. Jagunjagun náà jókòó sórí àpò òwú, ó ń jẹ obì. Ìyá Ìdájọ́ ń bá Àsíátù sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó ní kí ó jẹ́wọ́, pé bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀.

Wọ́n yà fún mi kí n kọjá. Wọ́n ti gbé àga mi síwájú òpó. Kí n jókòó kí n sọ ìparí rẹ̀ lójú rẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn.

Mi ò jókòó. Mo ní àlọ́ ni.

Wọn kò gbọ́, tàbí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tún un sọ. Mo ní ogun kó mi lóòótọ́, ẹnìkan fà mí lọ́wọ́ lóòótọ́, ìyókù, èmi ni mo hun ún. Mi ò mọ ìyálé kankan. Eyín, ọwọ́, ọjà, orí ara mi ni mo ti mú gbogbo rẹ̀ jáde, nítorí pé ọwọ́ yín ń yára. Ọwọ́ òsì, ibi tí ojú mi kọ́kọ́ bà lé ni mo mú. Mi ò mọ obìnrin yìí rí kí n tó wọ àgọ́ yìí. Àlọ́ ni mo ń pa fún yín láti ọ̀sẹ̀ méjì, lójú oòrùn.

Ìyá Ìdájọ́ sún mọ́ mi gan-an. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? Ìyá rẹ tí a ń wá fún ọ ńkọ́?"

Mo ní mo mọ̀.

Ó ní, "Fi ìyá rẹ búra."

Mo fi ìyá mi búra pé àlọ́ ni.

Wọ́n fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé wọ́n gbà mí gbọ́. Kò sí ẹni tí í fi irú ìyẹn ṣeré. Jagunjagun tu obì sílẹ̀, ó ní wọ́n ba òun lọ́jọ́ jẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n padà sídìí apẹ̀rẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tú Àsíátù. Èmi ni mo tú u. Okùn náà le, eyín ni mo fi já a.

Mi ò gba èèwọ̀ yẹn gbọ́. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i: mi ò gbà á gbọ́.

Ẹtì, 30 Jánúárì

Kò sí ọ̀rọ̀ nínú àgọ́ mọ́, àfi ìró kóró òwú. Àsíátù padà sí àyè rẹ̀. Ìyá Ìdájọ́ gbé ẹ̀kọ fún un lónìí, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn gbé e kalẹ̀. Àsíátù jẹ ẹ́.

Èmi ni wọ́n ń wò báyìí. Bí mo bá dé láàárọ̀, gbogbo wọn á kí mi. "Ìyá Sàró, ẹ ẹ gbọ́ nǹkan kan?" Ohùn wọn dùn. Mo mọ ohùn yẹn, òun ni wọ́n fi ń bi mí pé kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí ìyálé. Mo ti ṣẹ̀, wọ́n sì mọ ìyà tó yẹ mí, ó ku kí ó dé. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n kàn ń retí ìparí ni. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọn ó ṣe máa retí rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 3 Fẹ́búárì

"Ẹ ẹ gbọ́ nǹkan kan?" Rárá. Wọ́n mí kanlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 Fẹ́búárì

Dìran ti Itori dé. Ó ń wá mi kí ó tó sọ ẹrù.

Ó ní lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn òun sọ ìtàn mi ní agboolé kan níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ yẹn kò ṣe bí ẹni mọ nǹkan kan. Ìgbà tí òun tún dé lẹ́yìn náà ló pe òun sẹ́yìn ilé, ó bèèrè orúkọ ẹni tó ń sọ ìtàn náà. Òun ní Harriet. Ó ní, "Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ńkọ́?" Òun ní Morónkẹ́. Ìyá náà fi ọwọ́ di ògiri mú. Ó ní kí Dìran wá bi mí bóyá àpá iná wà lẹ́yìn orúnkún mi ọ̀tún.

Kò sí ẹni tó rí ẹ̀yìn orúnkún mi ní ìlú yìí. Ọkọ mi tó mọ̀ ọ́n ti kú. Àpá náà wà níbẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dìran ní ṣùgbọ́n ara ìyá náà kò le, ó ń wú ikọ́, kò jẹun dáadáa láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mo bi í pé láti ọjọ́ wo gan-an. Ó ní kí ló kàn mí nínú ìyẹn. Mo ní kí ó ṣáà sọ. Kò mọ̀ ọ́n.

Gbogbo àgọ́ ti gbọ́ kí n tó dìde. Àsíátù nìkan ló wá fà mí sókè. Mo rán Dìran padà sí Itori lójú ẹsẹ̀ pé àpá náà wà.

Àbámẹ́ta, 7 Fẹ́búárì

Ìyá mi dé. Ó wà láàyè. Olújìmí, àbúrò mi (mo ní àbúrò), pọ̀n ọ́n lẹ́yìn ju ìdajì ọ̀nà lọ. Ìyá mi kéré. Mi ò rò pé ó lè kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé mi lójú, ó ní, "Morónkẹ́." Mo sunkún. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹkún náà tún dé.

Àwọn obìnrin àgọ́ wá kí wa, wọ́n kún ilé. Ìyá Ìdájọ́ kúnlẹ̀ kí ìyá mi, omi ń dà lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ní, "Ọlọ́run ti bá a bò ó." Ó ní èèwọ̀ kò ràn mí nítorí pé ilé òyìnbó ni mo dàgbà sí, mi ò mọ̀. Báyìí ni ó tú mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde ó yí padà. Ó ní ìyá mi yóò mọ ẹni tó tà mí. Ó ní kí a jọ wá sí àgọ́ lọ́jọ́ Ajé, kí àwọn gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi ní, "Mo máa wá."

Àìkú, 8 Fẹ́búárì

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Olújìmí jáde lọ wo ìlú. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ sọ fún mi. Ta ló fà mí lọ́wọ́ lọ sétí odò yẹn? Ìyálé yín ni, àbí?"

Ó ní kò sí ìyálé. Òun nìkan ni bàbá mi fẹ́.

Ó ní òun ni.

Ó ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ń sá fógun nìyẹn. Bàbá mi ti kú lójú ọ̀nà. Olújìmí wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ọmú ti gbẹ, ọmọ kò sì sunkún mọ́. Ìgbà tí kò sunkún mọ́ ni ẹ̀rù bà á. Àwọn ọkùnrin kan ń sun iṣu létí odò. Wọ́n ní kí ó mú mi wá, wọn ó fún un ní iṣu mẹ́fà. Mo sáré wá gbogbo ọ̀nà tó ti lè bọ́ nínú rẹ̀ fún un. Mo ní bóyá wọ́n ní àwọn yóò kàn tọ́jú mi. Mo ní bóyá kò mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ó ní, "Mo mọ̀, Morónkẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mi ò mọ̀, irọ́ ló pa."

Iṣu mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Olújìmí jẹ iṣu, ó yè. Kò mọ̀ títí di òní.

Ó wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní nígbà tí Dìran sọ ìtàn náà ní agboolé wọn, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dá obìnrin náà lẹ́jọ́. Òun náà dá a. Ohùn tòun ló ròkè jù. Òun ló ní ọwọ́ rírọ kéré, kí wọ́n fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun. Ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ló tó yé òun ẹni tí òun dá lẹ́jọ́. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀nà ọ̀fun òun.

Ó ní, "Ìwọ lo ni ìtàn náà. Mo wá kí o parí rẹ̀."

Mo jáde. Mo fọ àwo tó ti mọ́. Mo tún un fọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń fìyà jẹ obìnrin kan tí kò sí, eyín rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó wà lórí ẹní lẹ́yìn mi, ó ń wú ikọ́, mo sì fẹ́ pariwo mọ́ ọn, mo sì fẹ́ bu omi fún un. Mo bu omi fún un. Mi ò wo ojú rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má wá sí àgọ́ lọ́la. Ó ní òun ti ṣèlérí.

Ọjọ́ Ajé, 9 Fẹ́búárì

A lọ. Ó wé gèlè tuntun. Ó kọ̀ kí n mú òun lọ́wọ́.

Wọ́n ti tẹ́ ẹní fún un. Ọgbọ̀n obìnrin, kò sí ẹni tó mú òwú. Kóòtù pàápàá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí i títí, ẹ kú ewu, ẹ kú ìrìn, ẹ kú orí ire. Ìyá Ìdájọ́ wá fa apẹ̀rẹ̀ kan, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó jókòó lé e níwájú ìyá mi. Ó ní, "Màmá, ti ọmọ yín, àlọ́ ni. Tiyín ni ìtàn. Ta ló tà á?"

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé itan méjèèjì. Mo rí i tó la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́.

Mo ní, "Ogun ni."

Ìyá Ìdájọ́ kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ogun ló kó ọ, a mọ ìyẹn. Ta ló tà ọ́?"

Mo ní, "Ogun náà ni. Mo ti bi ìyá mi. Wọ́n ti sọ fún mi. Kò sí ẹlòmíràn."

Wọ́n yíjú sí ìyá mi. Ó ń wò mí, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Mo gbá a lọ́wọ́ mú, mo sì fún un, mo mọ̀ pé ó dùn ún. Ó pa ẹnu dé.

Ó dùn wọ́n. Ẹnìkan pòṣé. Ẹnìkan ní ṣé bó ṣe parí náà nìyẹn. Ìyá Ìdájọ́ dìde lórí apẹ̀rẹ̀, ó ní ta ló wá lè fọ́ ogun lójú, ó kó òwú tirẹ̀ sítan. Wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa. Àsíátù nìkan ló ń wò mí, ojú rẹ̀ lọ sára ìyá mi, ó padà sára mi, ó wá wolẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀. Kò ní sọ.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé ìyá mi ní, "O ti dárí jì mí nìyẹn?"

Mo ní rárá. Mo ní mi ò fẹ́ kí wọ́n bá mi dá ẹjọ́ náà ni.